Bàtà Ṣọ́jà Kì Í Wọlé Níbí

Nínú gbọ̀ngàn tí mo ti ń gba àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì àtàwọn ìyàwó wọn nímọ̀ràn, bàtà ṣọ́jà kì í wọlé. Ìró rẹ̀ máa ń gbé wọn padà sójú ogun.

Lálẹ́ àná, gbogbo wọn ti lọ nígbà tí mo gbọ́ ìró bàtà tó ń yí ilé po. Mo yọjú, n ò rí ẹnì kankan. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

N ò sá. “Ẹ bọ́ bàtà yín. Ọ̀gágun pàápàá kò ju òfin ibí lọ.”

Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú okùn bàtà. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàtà méjì péré ló wà níta, ẹrẹ̀ tútù lára wọn, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì rọ̀ lọ́dún yìí. Àga iwájú mi dún.

Mo fa tèmi sún mọ́ ọn. “Ẹ káàbọ̀, sà. Ibo ló ń dùn yín?”