Àpótí Dúdú Orí Pẹpẹ

Ayàwòrán ki wáyà bọ àpótí dúdú tó ń kó àwòrán àwọn oníbàárà pamọ́ sí lẹ́ẹ̀kẹta, iná rẹ̀ ò tàn. Ó mọ̀ pé kò ní tàn. Lóṣù tó kọjá ló tú u, tó yọ díìsìkì inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó sì pa gbogbo àwòrán rẹ́ kó lè ráyè kó sinimá sí i. Òfìfo àpótí ló dá padà sórí pẹpẹ, níbi tí àwọn oníbàárà á ti máa rí i.

"Wáyà yìí ló ń yọ wá lẹ́nu, Mà." Kò lè wojú opó tó jókòó níwájú rẹ̀.

"Má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi. Mi ò wá gba àwòrán wa lónìí. Ilé wa jó lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò ṣẹ́ ku fọ́tò bàbá wọn kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ń sunkún, èmi ni mo ní kí wọ́n dákẹ́, pé o ti sọ fún mi pé bí ilé jó, àwòrán ò lè jó. Mo ní kí n wá dúpẹ́ ni."

Ayàwòrán yọ wáyà náà. Ìyá gbé àpótí náà lọ́wọ́.

"Ó mà fúyẹ́ o. Gbogbo ayé bàbá wọn ló wà níbí?"

Ayàwòrán mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà sórí pẹpẹ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn.

"Má jẹ́ kó jábọ́ o."

"Kò ní jábọ́, Mà."