Ìwé Ìsinmi Zipporah

Alàgbà Zechariah Oyèbọ̀dé, tó ń ta ẹja yíyan ní Àgọ́-Ìwòyè, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa ti ilé wọn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Inú Zipporah dùn lọ́jọ́ náà. Yàrá rẹ̀ ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní fèrèsé méjì, ó sì rò pé òun yóò máa ráyè mí.

Oṣù kẹjọ tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé rèé. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì oúnjẹ, oúnjẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ń wẹ̀, fóònù a máa dún. Bó bá ń gbàdúrà, oníbàárà kan a máa béèrè bóyá ẹja òun ti kúrò ní Òde-Omi. Òde-Omi náà ni ìyá Zipporah wà. Ẹsẹ̀ ń dun màmá náà, kò sì tíì fojú kan ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Zipporah tọrọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ rẹ̀, ìdáhùn Alàgbà kò sì yí padà: "Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn. Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà, ẹsẹ kẹrin." Alàgbà kì í ṣi orí, kì í ṣi ẹsẹ. Àlùfáà ìjọ pàápàá a máa bi í léèrè. Ìkìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀lẹ, tòun ti orúkọ àti iṣẹ́ wọn, a sì máa jáde láràárọ̀ lójú ewé ilé iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ń kà á.

Zipporah ló ń ṣọ́ ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà lórí kọ̀ǹpútà. Òun ló mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Alàgbà bẹ̀rù gbájúẹ̀ ju Sátánì lọ, torí Sátánì, gẹ́gẹ́ bó ti wí, kì í kọ ímeèlì. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí páásíwọ́ọ̀dù bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kó yáa wá iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo Ọjọ́rú ló ń kó wọn jọ lórí fídíò láti kọ́ wọn.

"Èso wọn ni ẹ ó fi mọ̀ wọ́n," ló wí ní Ọjọ́rú kan. "Ìwé tí kò bá jọ ẹni tó ní òun kọ ọ́, ẹ pa á rẹ́. Bó bá rú yín lójú, ẹ pè mí. Zipporah, kí ni mo wí?"

Ojú Zipporah là sílẹ̀, ṣùgbọ́n oorun ló wà nínú rẹ̀. "Àmín, sà," ló dáhùn.

Ìbíkẹ́, òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi pa fídíò tirẹ̀. Alàgbà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn ń wo Zipporah. Nígbà tó yá, ó ka Oore-ọ̀fẹ́, ó ní kí oníkálùkù máa lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ímeèlì kan dé láti àdírẹ́sì tí Zipporah kò mọ̀ rí.

"Zipporah ọmọ mi, èmi Alàgbà ni. Fóònù mi bàjẹ́. Láti ọ̀la lọ, gba ọ̀sẹ̀ kan, kí o lọ wo ìyá rẹ ní Òde-Omi. Owó oṣù rẹ kò ní dín. Mátíù orí kọkànlá, ẹsẹ kejìdínlọ́gbọ̀n."

Ọkàn rẹ̀ fò sókè, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á wálẹ̀. Àdírẹ́sì àjèjì; ìlérí tó dùn jù; wọ́n tilẹ̀ ti wádìí ibi tí ìyá òun wà. Ó gbé ìwé náà sí orí Wásáàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀ láàrin ara wọn, níbi tí Alàgbà kò sí.

"Gbájúẹ̀ yìí ò mọṣẹ́," Sùrájù fèsì láti Mamu. "Alàgbà wa? Ìsinmi?"

"Ìyẹn á di ìgbà tí ìpè ìkẹyìn bá dún," Ìbíkẹ́ kọ ọ́.

"Bó bá rú ẹ lójú, Zipporah, pè é," Sùrájù tún kọ ọ́.

"Ìwọ náà pè é, Sùrájù. Ta ló pè é rí tí kò gbaṣẹ́ kún iṣẹ́?" Zipporah fèsì.

Zipporah pa ìwé náà rẹ́, ó dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún un ní ẹ̀mí ìfòyemọ̀. Ní Ẹtì àti Àbámẹ́ta, Alàgbà kò dààmú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ìjì ló ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, bó ti ń bọ́ aṣọ ìsìn lọ́rùn, òmíràn wọlé.

"Zipporah! Ṣé oorun lo tún ń sùn ni? Fi páásíwọ́ọ̀dù ìwé àwọn oníbàárà ránṣẹ́ báyìí-báyìí. Má pè mí, mo wà nípàdé. Ọwọ́ àwọn aláápọn ni yóò ṣe àkóso. Sáàmù orí kejìlá."

Àyà rẹ̀ já, ara rẹ̀ sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alàgbà rèé. Ó rí i pé ìwé Òwe ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, kì í ṣe Sáàmù. "Ó ti rẹ bàbá náà," ló wí, ó sì fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́, ó fi ẹ̀bẹ̀ kún un.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, àjèjì kan ti ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ gba owó ẹja tí kò sí nínú omi kankan. Ìyá Adépéjú, oníbàárà àtàtà, fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹja mi dà?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alàgbà gun ọ̀kadà wá sí Japara láti wá gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹni tó bá bá nílé. Zipporah ló ṣílẹ̀kùn.

"Háà!" Alàgbà ní. "O ti dé?"

Ẹ̀gàn ni Zipporah kà á sí. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, sà."

"Ta lo fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ tún pè mí ní olóorun."

Alàgbà gba fóònù, ó kà á dé òpin. "Sáàmù?" ló ní. "Èmi?"

"Mo rò pé ó rẹ̀ yín ni, sà. Mo ń ṣọ́ra, Ọlọ́run gbọ́. Èyí tí gbájúẹ̀ kọ lọ́jọ́bọ̀, tó ní ẹ fún mi nísinmi, kò pẹ́ rárá tí mo fi pa á rẹ́."

Alàgbà bọ́ fìlà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàrin àwọn àwo oúnjẹ, ó ní: "Zipporah, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé kan ṣoṣo ni mo kọ sí ọ, fóònù ìyàwó mi ni mo sì fi kọ ọ́, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́?"