Ìpàdé Páìpù Lábẹ́ Igi Emi

"Bí iná bá kan epo tó ń jò, gbogbo abúlé yìí ló máa jó!"

Ọ̀gá ààbò ilé-iṣẹ́ epo ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi emi, ní abúlé kan lẹ́bàá Komu, lọ́dún 1981. Páìpù bẹntiróòlù gba inú oko ọkà bàbà wọn kọjá, ìgbà kejì sì nìyí tó wá kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bó bá bẹ́.

Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan tilẹ̀ da omi paná ààrò rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́! Bó bá bẹ́ lónìí, ta ni yóò yè nínú yín?"

Ó fìbínú wọ mọ́tò láti lé wọn bá. Ìyá arúgbó kan, Ìyá Sàbítíù, sáré padà, ó já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò gbóòórùn epo ni?"

Kò gbóòórùn kankan. Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú láti ìjẹta.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká paná, ká má sítáàtì mọ́tò, ká kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. A rò pé ẹ ń dán wa wò ni!"

Ó fà á lọ́wọ́ gun orí àpáta. Láti ibẹ̀, wọ́n rí epo tó ń dán nínú aporo, ó ti ṣàn dé ìdí mọ́tò.

Baálẹ̀ ka àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n pé.

"Ọ̀gá, ṣé a yege?"

Ọ̀gá ààbò ń wolẹ̀.

"Ẹ yege, Baba. Ẹnì kan péré ló fìdí rẹmi."