Páìpù Inú Ògiri

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí í dé ìdí iṣẹ́ kó má kọ́kọ́ bú ẹni tó ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ismaheel, oníṣẹ́ gáàsì láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò yàtọ̀. Kò tíì sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀ nínú kíṣìnnì Ìyá Ràmọ́tà ní Ọ̀yọ́ tó fi pòṣé.

"Ta ló ba nǹkan jẹ́ báyìí, ìyá?"

"Ìwọ wò ó ná."

Ìyá àgbà náà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, òórùn èéfín igi lára ìró rẹ̀. Òun ló ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun ń gbóòórùn gáàsì, ẹ̀rù iná ń ba òun, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá páìpù inú ògiri òun dára tàbí kò dára. Ó ya Ismaheel lẹ́nu pé kò pe oníṣẹ́ Ọ̀yọ́, àfi ẹni tó máa wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe èèyàn síṣẹ́ là ń dá lóhùn.

Sílíńdà wà lẹ́yìn ilé. Ìyá ní òun ti pa á. Páìpù rírọ̀ ló ti ọ̀hún wọnú ògiri, ó sì yọ lẹ́yìn sítóòfù tuntun kan tí ọ̀rá ṣì bò. Ohun tó wà láàárín, sìmẹ́ńtì nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Oríkèé páìpù ló ń dá wàhálà sílẹ̀," ni Ismaheel wí bó ti ń fi òòlù kan ògiri wò. "Wọn kì í sin ín síbi tójú ò tó. Bó bá ń jò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣáná. Bíi ti ọmọkùnrin kan tó ṣiṣẹ́ ní Ọjà Igbó, lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dún tó kọjá. Oríkèé méjì ló sin. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa iná tó pa á, ó tún ba gbogbo wa lórúkọ jẹ́."

"Ṣé ó ṣojú ẹ?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Tú ògiri náà," ni ìyá wí.

"Gbogbo rẹ̀? Ẹ ó kábàámọ̀ o."

"Tú u tán."

Ó tú u. Eruku bo àwọn méjèèjì. Ó wá oríkèé láti ẹ̀yìn sítóòfù títí dé ìta, kò rí ẹyọ kan. Páìpù kan ṣoṣo ni, kò ní ìsopọ̀. Níbi tó ti tẹ̀, ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Níbi tó ti gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá, wọ́n ti fi páìpù tó tóbi jù ú lọ wọ̀ ọ́ láṣọ kí búlọ́ọ̀kù má bàa ha á. Ismaheel tún un wò, bóyá òun á rí nǹkan bú. Kò rí. Ojú tì í díẹ̀.

"Ìyá, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́. Bóyá ni èmi gan-an lè ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀."

"Tún un sọ."

"Iṣẹ́ yìí dára, ìyá."

Ìyá fi ìborùn bojú, ó sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe Ismaheel. Ó rò pé ẹ̀rù iná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ó po omi ọṣẹ tí yóò fi dán ẹnu páìpù wò, ó sì lọ sẹ́yìn ilé láti ṣí sílíńdà. Bó ṣe gbé e, ó fúyẹ́ bí igbá. Ìdérí tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, gáàsì ò wọnú èyí rí! Òórùn kí lẹ wá ń gbọ́?"

"Bó o bá padà dé Ọjà Igbó," ni ìyá wí, "bá mi sọ fún gbogbo ìlú pé o ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Anas, ọmọ mi tí iná gbé lọ lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá."