Omijé Tí Ẹ̀rọ Kò Kà

Bí nọ́ọ̀sì ṣe kán kẹ́míkà sójú ọ̀tún Ìbídùnní tán, tó fi ìyókù pa á lápá, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí mẹ́rin láti agogo mẹ́wàá àárọ̀. Iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí láràárọ̀ nìyẹn: kí wọ́n máa fi ara rẹ̀ dán kẹ́míkà wò. Èyí tí wọ́n fi ń fọ irin ni tòní. Bí ojú bá ta á, tí apá sì pọ́n, iṣẹ́ parí, á máa lọ sílé. Bí kò bá ta á, á jókòó dópin.

Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ sin bàbá rẹ̀. Ó ti tọrọ àyè, wọn ò gbà. Òun sì ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ó ń retí kó ta òun. Kẹ́míkà yìí tutù bí omi àmù. Èyí tó bó o lápá lóṣù tó kọjá kọ́ ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ tó wúlò. Ó wá rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú bí ìdọ̀tí bá kó sí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ó ń ta mí,” ló sọ fún ẹ̀rọ. “Ẹ ṣílẹ̀kùn.”

“Ojú òsì yín náà ń dami, mà,” ni ẹ̀rọ fèsì jẹ́jẹ́, “a ò sì kán nǹkan kan sí i. Ẹkún ọ̀fọ̀ ni. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n omijé ti fọ kẹ́míkà náà dànù. A ó tún un kán, ká wá bẹ̀rẹ̀ wákàtí mẹ́rin látìbẹ̀rẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì wọlé. Kó tó lanu sọ̀rọ̀, Ìbídùnní ti gbé orí sẹ́yìn, ó ti la ojú sílẹ̀ dè é.