Àsáró Ìyá Ìbíyẹmí

Láràárọ̀, kí Ìbíyẹmí tó lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń sọ fún ẹ̀rọ ìdáná pé kó se àsáró ìyá rẹ̀ fún bàbá. Ìyá ti kú, ṣùgbọ́n kó tó kú, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì ti gba adùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, títí kan òórùn iṣu tó máa ń jó díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò. Iṣẹ́ Ìbíyẹmí ni láti so àwọn onímọ̀ náà pọ̀ mọ́ àwọn iléeṣẹ́ olóúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló mú adùn náà lọ fún iléeṣẹ́ tó ń tà á nínú ẹ̀rọ ìdáná.

Bàbá ò rántí nǹkan mọ́. Bó bá ti tọ́ àsáró náà wò, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá Ìbíyẹmí mà ti tètè dáná lónìí." Ìbíyẹmí kì í já a níyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléeṣẹ́ ní àwọn oníbàárà ò fẹ́ òórùn jíjó yẹn. Ìbíyẹmí bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Lánàá, wọ́n yọ òórùn náà kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ ìdáná.

Ní àárọ̀ òní, bàbá tọ́ àsáró wò, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ta ló se èyí?"

"Màámi ni, Bàbá."

Bàbá ti abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Kì í ṣe òun. Ìbíyẹmí, ṣé ìyá ẹ ti kú ni?"

Ìbíyẹmí ò purọ́ mọ́, ó di ọwọ́ bàbá mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ìbíyẹmí jókòó tì í, ó dì mọ́ ọn, bàbá sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.