Ìdí Tábìlì Ìgéṣọ

Oṣù méje ni Ìyá Agéṣọ lò nílé ìwòsàn lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣubú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tún kọ́ ọ ní ìrìn bí ọmọ ọdún kan, tí wọ́n sì ní kó máa ṣa ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ títí àwọn ìka ọ̀tún rẹ̀ fi jí. Ojú rẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ṣì ń ṣú díẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dúró fún un nídìí tábìlì ìgéṣọ, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì. Bọ́tìnì lásán ni ọmọ náà ń rán tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tí ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ náà ti tètè jí. Ó to ohun èlò ìyá rẹ̀ sínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a so okùn bàtà.

“Ẹ káàbọ̀ o, òkú tó jí!” ni aránṣọ kan fi kí i. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

“Ìwọ gan-an ni òkú, ìwọ tí ojú rírán rẹ wọ́ bí ẹnu arúgbó,” ni ìyá dá a lóhùn.

Ọ̀gá wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. “Ìyá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún yín. Bí ọwọ́ yín bá ṣì mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ ni ìdí tábìlì yìí, ọmọ yín á padà sídìí bọ́tìnì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ ó lọ sinmi nílé.”

Ìyá gba ìwọ̀n tí ọ̀gá kọ sílẹ̀. Ó fi téèpù rẹ̀ wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, ó gé e. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ ló fi íǹṣì méjì kéré.

“Íǹṣì méjì? Èmi?”

“Ẹ̀yin náà ni, ìyá.”

Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, agéṣọ kì í yá irinṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìjà ni yíyá máa ń dá sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìyá tẹjú mọ́ téèpù tirẹ̀ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Íǹṣì méjì náà ni. Àwọn aránṣọ kò ṣàwàdà mọ́.

“Ṣé ojú mi ni, àbí orí mi ló ti dàrú?” ló bi ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n délé.

“Àìsàn ni, Màámi. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi.” Ọmọ náà fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́ àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹyọ kan péré sí i.”

Ìyá gé e. Kò dúró kí ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò tó fi gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ó gbọ́wọ́ lé e lórí.

“Bí o ti ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe fún ọ.”

“Àṣẹ!” ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù dáhùn.

Nígbà tí ìyá ti jáde tán, ọmọ náà ká téèpù ìyá rẹ̀ jọ, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti gé íǹṣì méjì àkọ́kọ́ kúrò lára rẹ̀, tó sì ti lẹ irin ẹnu rẹ̀ padà, ó jù ú sínú ìdọ̀tí, ó sì fa tuntun yọ.